Ohùn Enoch Lẹ́nu Jabez

Ahunṣọ ni Jabez Ormerod ní ìlú Todmorden nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ti di etí rẹ̀ kan pa, síbẹ̀ kò sí bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí kò lè sín in jẹ. Ewì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí akéwì fi ń sọ tinú ara rẹ̀. Yóò wọ inú ẹlòmíràn lọ, yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹni náà: agbẹ́sàréè, ìyàwó ṣọ́jà, olè tó ń dúró de okùn tí wọ́n máa fi so ó kọ́. Àwọn ará ìlú a sì máa pàtẹ́wọ́.

Enoch Sutcliffe ni wọ́n jọ ń dúró ti ẹ̀rọ, aṣáájú nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Jabez kò ní ọ̀rẹ́ méjì. Ní àárọ̀ kan tí wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, Enoch sọ ohun tí kò sọ fún pásítọ̀ fún un: nígbà tí Keziah ọmọ rẹ̀ lóyún láìlọ́kọ, òun ló tì í síta sínú yìnyín.

"Mi ò nà án o," Enoch wí lẹ́yìn tó húkọ́ díẹ̀ bó ti máa ń ṣe. "Ilẹ̀kùn ni mo kàn tì."

Nígbà tí ìjọ pé jọ mu tíì, Jabez dìde ka ewì tuntun. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá kan ló ń ṣàwíjàre fún aládùúgbò rẹ̀. Ó húkọ́ díẹ̀, ó ní, "Mi ò nà án o." Ni ilé bá bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ikọ́ náà.

"Ṣé kì í ṣe Arákùnrin Enoch nìyẹn?" obìnrin kan wí.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró, torí wọ́n rántí Keziah tí kò sí nílé bàbá rẹ̀ mọ́. Enoch mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Jabez rí i tó ń lọ, ó sì kà á parí, nítorí ìparí rẹ̀ ló dùn jù. Èyí ló padà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù lọ.

"Ẹ kú orí ire, Bàbá Lydia," Tamar ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tí wọ́n délé. "Ẹ ti bá gbogbo ayé sọ tiwọn tán. Ìgbà wo lẹ máa sọ tiyín?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Jabez lọ kan ilẹ̀kùn Enoch. Ojú ń tì í débi pé bàtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Arákùnrin Enoch, nínú irú ewì yẹn, kì í ṣe akéwì ló ń sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ni."

"Mo mọ̀. Èmi ni." Enoch kò gbóhùn sókè. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo wá sọ?"

Jabez wá ọ̀rọ̀ títí. Gbogbo èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, ti ẹlòmíràn ni.

"Àtẹ́wọ́ ni mo fẹ́," ó wí níkẹyìn. "Mo rí ọ tí ò ń jáde, mi ò dákẹ́."

"Mo gbọ́," ni Enoch wí, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Wọ́n tún jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Enoch a máa kí i láràárọ̀, a máa bá a sọ̀rọ̀ òjò àti òwú tó ń já. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, á wo Jabez lójú, á sì kọjú sí ẹ̀rọ rẹ̀.