Ilé Erè Tí Mo Kọ́ Sínú Àmù

Láàárọ̀ yìí, adìẹ kan da omi tí mo gbé sílẹ̀ nù sórí àwọn àpáàdì tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi. Òórùn amọ̀ tútù yẹn kàn mí nímú, mo sì dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú ilé onísìmẹ́ǹtì lẹ dàgbà sí, ẹ ò lè mọ òórùn náà. Mi ò sì dá yín lẹ́bi.

Bóyá òórùn náà kì bá tí mú mi tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé Rafia, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kutonu, ti pè mí lánàá pé òun ra ejò. Ó ti rò pé màá pariwo. Ó ní ọmọ erè ni, òun ti ra àpótí onígíláàsì fún un, iná kan wà lókè tó ń mú un móoru, àmọ́ ejò náà kọ̀, kò jẹun. Mo bi í pé ṣé ó níbi tó lè sá pamọ́ sí nínú àpótí náà. Ó ní rárá o, pé òun fẹ́ máa rí i ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kó fi páálí bo ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, kó wá ibi kótópó kan fún un, kó sì yé wò ó. Ó wá ń bi mí pé níbo ni ìyá arúgbó bí èmi ti mọ̀ nípa ejò sísìn. Ìtàn náà gùn ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí telefóònù lọ, ẹ̀yin ni mo wá fẹ́ sọ ọ́ fún.

Basila ni wọ́n bí mi sí. Ará Manigri ni bàbá mi, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Iṣẹ́ ló gbé e dé Basila tó fi fẹ́ ìyá mi níbẹ̀. Yàrá kan ni gbogbo wa ń sùn, lórí ẹní kan, ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú ìhà ẹnì kejì. Nígbà tí ìyá mi wá bí ìbejì lé àwa tó wà nílẹ̀, wọ́n mú mi fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Manigri. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe láyé ijọ́un: ilé tí ọmọ ti pọ̀ á fún ilé tí kò lọ́mọ ní ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ìyà. Ìyá Àgbà ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ń dá oko iṣu rẹ̀ ṣe, yàrá ilé rẹ̀ sì pọ̀ ju èèyàn inú rẹ̀ lọ. Ó fún mi ní yàrá tèmi nìkan. Èmi tí mi ò tíì dá sùn rí láyé mi!

Kò nà mí, kò bú mi. Kò kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Ó ti dá gbé pẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Jẹun. Wá. Lọ sùn. Ó parí nìyẹn. Ní lẹkọ́ọ̀lù, ìyẹn ilé ìwé, ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé èdè ìyá mi, èdè àwọn ará Basila, máa ń yọjú nínú Nàgó, Yorùbá tiwa, tí mo ń sọ. Ọmọ Basila ni wọ́n ń pè mí, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi ta òkòtó. Bí mo bá ti dé láti lẹkọ́ọ̀lù, màá jókòó sídìí igi kajú níwájú ilé, màá máa wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba ojú títì lọ sí Basila. Ó ń ṣe mí bíi kí n bẹ́ sórí ọ̀kan. Ó burú débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ewúrẹ́ ilé ẹni ẹlẹ́ni, mo ń bi wọ́n pé ṣé dáadáa ni wọ́n jí.

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ìyá Àgbà rán mi lọ mú iṣu wá nínú abà. Mo gbé iṣu kan, mo sì bá a lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ erè ni, awọ rẹ̀ dúdú, àmì pupa rúsúrúsú wà lára rẹ̀. Kò sá, kò sì bù mí jẹ. Ó kàn ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká, ó ti orí bọ àárín. Mo lóṣòó tì í, àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo sọ fún un ní èdè ìyá mi pé ìwọ náà ò fẹ́ kí wọ́n rí ọ, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nílùú wa, wọn kì í pa erè tó bá wọ abà iṣu, nítorí pé eku ló ń jẹ. Àmọ́ ká má pa á yàtọ̀ sí ká gbé e wọlé. Nígbà tí Ìyá Àgbà rí i lọ́wọ́ mi, ó ní kí n dá a padà síbi tí mo ti rí i. Ni mo bá bú sẹ́kún. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò tíì sunkún lójú rẹ̀ rí, inú yàrá ńlá yẹn ni mo ti máa ń dá a sun. Ó wá ní kí n mú un sọ́dọ̀ o, àmọ́ bí oṣù tó wà lókè bá fi kú tí ejò náà ò jẹun lọ́dọ̀ mi, ìgbẹ́ ló ń lọ, torí òun ò ní í jẹ́ kí ebi pa nǹkan ẹlẹ́mìí kú nínú ilé òun. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, n kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀, okùn ilẹ̀ ni kí n máa pè é.

Ẹ wá wo àṣìṣe ọmọ olóko iṣu. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí a ò bá fẹ́ kó bàjẹ́, atẹ́gùn là ń fún un. Iṣu tí kò bá rí atẹ́gùn á rà ni. Bí mo ṣe lọ gbé àgò adìẹ tó fẹ̀ jù nílé nìyẹn, mo gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́tùn-ún lósì, mo gbá inú rẹ̀ mọ́ tónítóní kí àyè lè gba àlejò mi. Mo mú ọmọ eku kan nínú pàkúté abà, mo jù ú sí i. Mo wá jókòó síwájú rẹ̀, mo tẹjú mọ́ ọn láti ìgbà tí mo bá ti dé láti lẹkọ́ọ̀lù títí wọn á fi pe ìrun àṣálẹ́. Ejò náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, kò gbórí sókè. Ọmọ eku ló fi ara balẹ̀ ní tirẹ̀, ó jẹ okùn tí wọ́n fi di àgò náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo mú òmíràn, bákan náà ló rí. Oṣù òkè ń tín-ín-rín sí i. Mo mọ̀ pé bí èyí bá lọ, kò sí ẹnì kankan mọ́ tí màá máa bá sọ̀rọ̀ ní Manigri.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oòrùn ò tíì wọ̀, Ìyá Àgbà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó jókòó, ó wo àgò, ó wò mí.

“Nígbà tó o dé, ìwọ náà ò jẹun,” ó ní. “Màá gbé e síwájú ẹ, màá jókòó tì ọ́, màá máa wò ọ́. O ò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí mo lọ dúró sẹ́yìn ògiri ni mo tó gbọ́ tó ò ń fá abọ́.”

Ojú tì mí. Ó wá ní yàrá tí òun fún mi yẹn, ó tóbi jù fún ọmọ tó ń sùn láàárín èrò, pé òun rò pé oore lòun ṣe. Ó ní ejò kì í ṣe iṣu. Ihò ló mọ̀, ibi tí ara rẹ̀ bá ti kan ògiri lọ́tùn-ún lósì ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Àwa méjèèjì la jọ kọ́ ilé tuntun náà. Àmù àtijọ́ kan wà nílẹ̀ tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́. A gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri ìdáná, a gbé àmù náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀, a rì í dé ìdajì, kí ooru ààrò lè máa gba ara ògiri dé ìdí rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ sì wà nínú òjìji. Bí ara erè bá ń fẹ́ ooru, á wọ inú lọ. Bí ooru bá mú un jù, á bọ́ síta díẹ̀. A fi amọ̀ òkìtì ọ̀gán dí ojú ibi tó sán, bí wọ́n ṣe ń dí ara ògiri. A da iyanrìn sí i, a wọ́n omi sí apá kan, a gbé àwo omi kékeré kan síbẹ̀, a wá da àpáàdì ńlá kan dé sí ìsàlẹ̀ pátápátá tí abẹ́ rẹ̀ ò ju ara ejò náà lọ. Òórùn tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ní gbogbo àsìkò tí a fi ń ṣe é, Ìyá Àgbà ń sọ̀rọ̀: bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń hanrun, bí bàbá mi ṣe máa ń jí ẹran jẹ nínú ọbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Erè náà wọ abẹ́ àpáàdì, kò sì yọjú mọ́. Mo ju ọmọ eku sí i, mo fi atẹ dé ẹnu àmù, mo gbé ọmọ ọlọ lé e, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo ṣí i, kò séku, kò sírù eku. Ikùn ejò mi ti wú bọ̀ǹbọ̀! Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Àgbà, mo sì rí eyín rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ká ẹní mi kúrò nínú yàrá ńlá, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ṣe kọjá nìyẹn. Àwọn ọmọ lẹkọ́ọ̀lù gbọ́, wọn ò pè mí ní Ọmọ Basila mọ́, àmọ́ wọn ò tún sún mọ́ mi. Kò dùn mí tó bó ṣe yẹ. Erè á yí mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, màá máa sọ gbogbo ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn fún un. Ìyá Àgbà á máa bẹ iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, á máa gbọ́, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù rẹ̀, dé. Ó ní àwọn ìbejì ti ń rìn, ìyá mi sì ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ nílé. Àmọ́ òun ò ní í fipá mú mi, òun ò sì ní í já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, kí n fẹnu ara mi sọ ibi tí mo bá fẹ́. Mi ò tiẹ̀ rò ó. Mo ní mi ò lọ, pé ta ni yóò máa bu omi fún ejò mi?

Ìyá Àgbà wà nítòsí, ó mú ìgbálẹ̀ dání. Ó ti jí kí gbogbo wa tó jí, ó ti gbá ẹ̀yìn ìdáná kí bàbá mi tó dé. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Kò dákẹ́.

“Lọ wo ilé ẹ̀ ná,” ó ní, “kó o tó dá bàbá ẹ lóhùn.”

Mo lọ. Òjò ti yọ́ amọ̀ tí a fi dí ojú ibi tó sán, ó sì ti yà gbàgà. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpáàdì, mo fọwọ́ wá ibi gbogbo. Iyanrìn tútù nìkan ló wà níbẹ̀. Mo padà wá, mo ní màá bá Bàbá lọ.

“Ó dáa,” ni Ìyá Àgbà wí. Ó di iṣu sẹ́yìn mobilẹ́ẹ̀tì fún ìyá mi, ó ní kí bàbá mi rọra máa sáré. Mo wẹ̀yìn títí a fi yà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá ibi tó ti gbá.

Ní Basila, inú mi dùn, irọ́ kò dáa. Àmọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ti gba àyè mi lórí ẹní, èdè ìyá mi ò sì já gaara lẹ́nu mi mọ́. Ọmọ Manigri ni wọ́n wá ń pè mí. Mo máa ń lọ kí Ìyá Àgbà nígbà ọdún Iléyá, mi ò sì rí i kó gba ọmọ ẹlòmíràn tọ́ mọ́. Ìgbà tí mo lóyún àkọ́bí mi ni mo tó bi í léèrè. Iṣu èlùbọ́ ló ń bẹ. Mo ní Ìyá Àgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kí n lọ wo ilé erè lọ́jọ́ tí Bàbá wá mú mi? Ẹ ò bá ti jẹ́ kí n dá Bàbá lóhùn, kó máa lọ.

Kò gbójú sókè. “Ó wù mí kó o dúró,” ó ní. “Àmọ́ èmi ni mo fẹ́ kó o torí ẹ̀ dúró. Kì í ṣe nítorí ejò.”

Ó ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ.

Ó ti kú ọjọ́ ti pẹ́, ilé rẹ̀ ni mo sì padà wá ń gbé nígbà tí ọkọ mi kú. A ti wó ògiri amọ̀, a ti fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n. Kajú ti gba ilẹ̀ tó jẹ́ ti iṣu tẹ́lẹ̀, wọn kì í sì í fún ẹnikẹ́ni lọ́mọ tọ́ mọ́ bíi tàná. Ilé tí yàrá rẹ̀ pọ̀ ju èèyàn inú rẹ̀ lọ, ìyẹn ò tíì tán ní Manigri. Àwọn ọmọ mi ń gbìyànjú, wọ́n ń pè, wọ́n ń bi mí pé Màmá, ṣé kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́? Mo máa ń ní kò sí. Ìyá Àgbà, ó pẹ́ kó tó sọ pé ó wu òun kí n dúró, àmọ́ ó sọ ọ́. Èmi ò tíì lè sọ ọ́ fún ẹyọ kan nínú wọn.