Ọ̀já Bàbà Ara Ògiri

Yanrìn tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń ní òórùn kan, bí òórùn ìkòkò amọ̀ tí wọ́n da omi tútù sí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead ni mo ti mọ òórùn yẹn dáadáa, lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, tí mo máa ń lọ gbálẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kílíìnà mi ní Powis Street. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni a háyà, ó ga ju gbogbo ilé àyíká rẹ̀ lọ. Àwọn bàbá ìjọ da yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀, wọ́n fi ṣe ilẹ̀ àánú, níbi tí ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ́ ti máa ń dùbúlẹ̀ gbàdúrà.

Níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ti gé ọ̀já bàbà kan tó ti orí òrùlé wọnú ilẹ̀. Ó dí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì rò pé wáyà tí kò wúlò mọ́ ni. Èmi mọ̀ pé ó wúlò. Oníṣẹ́ iná tí onílé rán wá ti fi hàn mí nígbà kan tí mò ń gbálẹ̀: bí ààrá bá bọ́ sórí ilé, ọ̀já yẹn ni yóò gbà wọlẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ó tún so àpótí kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà iná, iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára rẹ̀. Ó ní ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí agbára ààrá gba inú wáyà dé ara kíbọ́ọ̀dù àti sípíkà. Ọjọ́ tí wọ́n gé ọ̀já náà ni mo ti rí i, ṣùgbọ́n mo dákẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ìtìjú sì pọ̀ lára mi. Ta ni mí tí n óò máa kọ́ àwọn bàbá?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ojú ọ̀run ṣú lọ́sàn-án gangan. Àǹtí kan tó lóyún oṣù mẹ́jọ wà lórí yanrìn, orí rẹ̀ lábẹ́ ibi tí ọ̀já náà já sí. Ó ti bí ọmọ méjì tí wọn ò dúró. Ọjọ́ keje ẹ̀jẹ́ rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú ìjọ wa, a kì í fọwọ́ kan ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ kó tó ṣe àmín. Bí ààrá ṣe kùn lókèèrè, mo sáré bá Dádì, olùṣọ́ àgùntàn wa.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Àǹtí wọlé."

"Kí ló dé? Ààrá ilẹ̀ òyìnbó kì í jà," ni wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Lọ tan àbẹ́là."

Ìtìjú ò jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀já tí wọ́n gé. Mi ò tan àbẹ́là. Mo jáde, mo di apá Àǹtí mú.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ọjọ́ keje mi rèé!"

"Ẹ bú mi bó ṣe wù yín, Àǹtí, àmọ́ ẹ bú mi nínú ilé!"

Mi ò mọ ibi tí ohùn yẹn ti jáde. Bóyá ìyàlẹ́nu ló gbé Àǹtí dìde, torí kò gbọ́ igbe mi rí. A ò tíì ju ẹnu ọ̀nà lọ tí gbogbo àyíká fi funfun báláú, tí ariwo kan sì mi ilé náà tìtì.

Nígbà tí òjò dá, a jáde lọ wò ó. Ihò kan wà nínú yanrìn níbi tí orí Àǹtí wà tẹ́lẹ̀, etí ihò náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Iná ara àpótí ti di pupa, ó ti gba agbára ààrá náà dúró, torí nígbà tí Dádì tẹ kíbọ́ọ̀dù, ó dún. Mo nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti gé ọ̀já; Dádì jókòó, wọ́n sì bú sẹ́kún. Àǹtí di ikùn rẹ̀ mú. "Ó ń sún! Ọmọ mi ń sún kiri!" Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, oníṣẹ́ iná ti so ọ̀já tuntun wọlẹ̀, wọ́n sì ti kó yanrìn jìnnà sí i.

Ní Sunday, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí. Mo dìde, mo ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Jókòó, ọmọ mi," Dádì wí. "O ti sọ tìẹ."

Ìtìjú náà ò tíì tán lára mi títí dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi pa ẹnu mọ́, tí mò ń pè é ní ìbọ̀wọ̀ fún àgbà, mo ti mọ̀ báyìí pé ẹ̀rù lásán ni. Ìgbà tí mo fa Àǹtí kúrò lórí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ni mo tó bọ̀wọ̀ fún un.