Ojú Nuta Lára Ògiri

Bàbá tó máa ń jókòó síwájú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Cortona, ní ilẹ̀ Ítálì, Lando ayàwòrán ni. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, tó ṣì tutù, ló máa ń kùn, torí ìgbà yẹn ni ọ̀dà máa ń wọ inú rẹ̀ tí kì í bó mọ́.

Nígbà tó ń ya àwọn obìnrin tó lọ síbi ibojì Jésù, Nuta ìyàwó rẹ̀ gbé búrẹ́dì wá fún un.

"Ọkọ mi, ojú ta lo máa fún ẹni ìkẹyìn yìí? Mo ti jókòó o, yà mí!"

"Jẹ́ kí n ya ìyàwó olówó tó gbéṣẹ́ fún wa ná. Ṣé ojú tìẹ máa sá lọ ni?"

Nuta rẹ́rìn-ín, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ sílé. Kò pẹ́ tí àjàkálẹ̀ àrùn fi pa á.

Lando wá ń sunkún, ó po ẹyin mọ́ ọ̀dà kó lè lẹ̀, ó ń ya ojú ìyàwó rẹ̀ sára ògiri tó ti gbẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó olówó. Èmi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pariwo mọ́ ọn: "Ha ibẹ̀ dànù, kí o tún un rẹ́! Àbí o ti ya wèrè ni?" Kò gbọ́. Nígbà tí òtútù dé, ọ̀dà ojú Nuta bó, ó já bọ́ sílẹ̀. Ti ìyàwó olówó ṣì ń dán.

Lánàá, mo ní kó tún un yà.

Ó ní, "Mi ò rántí bó ṣe rí mọ́. Bí mo bá dijú, ìyàwó olówó yẹn ni mò ń rí."