Orin Tí Mo Fi Pe Òkun

Ọjọ́ tí òkun wọ ilé wa ní Ayétòrò kò lè kúrò lọ́kàn mi. Bàbá mi, tó ń dáná fún àwọn tó ń wa epo lójú òkun, ló ra rédíò fún wa. Orin ìlú òkèèrè inú rẹ̀ ni mo gbọ́ tí mo fi ṣe tèmi: “Òkun, wá gbé mi lọ.”

Bí mo bá ń kọ ọ́, màmá mi máa ń ní, “Ọmọ yìí, a kì í pe òkun wálé o!”

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi ya wọlé. A sá sínú ọkọ̀. Rédíò ṣì ń kọrin bí omi ṣe ń gbé e lọ, kó tó dákẹ́. N kò sunkún. Màmá mi kò bá mi wí, ó kàn ní, “Òkun ti gbọ́ ẹ.”

Òkun gbé ilé wa lọ. Èmi tí mo bẹ̀ ẹ́ ni kò gbé.