Àmì Làálì Lọ́rùn Ìyá Ràfátù

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí bẹ́ẹ̀. Ojú mi yìí ló rí i, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kàn án. Ọ̀sán gangan ni, n kì í sì í mutí.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé, mo ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ lára ènìyàn là ń tọ́jú. Iná làwọn aláìsàn ń pè é.

Àwa méjì là ń ṣe é, èmi àti Àǹtí Dúpẹ́. Èmi á fi yíǹkì fa àmì síbi tí iná máa gbà wọlé, Àǹtí á fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bí ojú ènìyàn méjì kò bá rí i, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé jẹjẹrẹ ń mú ènìyàn rù? Ẹran tó wà lábẹ́ àmì lóṣù tó kọjá lè má sí níbẹ̀ mọ́ lóṣù yìí. Bí a kò bá tún un wọ̀n, iná á fi kókó jẹjẹrẹ sílẹ̀, á máa jó ọ̀pá ẹ̀yìn.

"Ara kì í dúró sójú kan," ni Àǹtí Dúpẹ́ máa ń wí. Bó bá wọ̀n ọ́n tán, á fa ìlà kékeré kan bí ẹyọ ìrẹsì sábẹ́ àmì náà, ká lè mọ̀ pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó kú lójijì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín l'Ọ̀yọ́, nínú ọgbà bàbá rẹ̀, kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Èmi gan-an da yẹ̀pẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn.

Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti mú Sáàpù, ètò ìṣúnnáwó wọn, dé ni wọn kò ti gbani síṣẹ́ mọ́. Mo bá ọ̀gá wa sọ ọ́, mo ní ènìyàn kan kò lè máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ó ní bí a bá dúró de ẹlòmíì, orí bẹ́ǹṣì làwọn aláìsàn máa kú sí. Kò purọ́, ohun tó dùn mí nìyẹn.

Ìyá Ràfátù wà lára wọn, lẹ́yìn ikú Àǹtí ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń wá, òwú ìránṣọ ló ń tà, ọrùn ni kókó tirẹ̀ wà. Ràfátù nìkan lọmọ tó bí, oyún sì wà nínú ọmọ náà. Ìyá ní ohun tóun ń bẹ Ọlọ́run ni kóun gbọ́ ẹkún ọmọ-ọmọ òun. Bó bá ti ṣe àlùwàlá, omi á ṣàn dé ọrùn, yíǹkì mi á ṣí. Mo sọ títí, ó ní òun kò lè torí àìsàn má kírun.

Ẹ̀rọ wá bàjẹ́, a dá gbogbo wọn padà sílé. Nígbà tí Ìyá padà dé, ó ti rù kan eegun. Ó ṣí ìborùn rẹ̀, mo rí àmì tuntun, làálì ni, ó pọ́n bí ẹsẹ̀ ìyàwó.

Inú bí mi. Mo ní, "Ìyá, ta ló fọwọ́ kàn yín lọ́rùn?"

Ohùn rẹ̀ ti há. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Nọ́ọ̀sì yín tó ń gbé ládùúgbò wa ni. Ó ní ìwọ nìkan lo kù, ọmọ mi. Ó ní ara kì í dúró sójú kan."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. Ẹyọ ìrẹsì wà lábẹ́ àmì náà.

Ẹ gbà mí gbọ́, orí mi fò lọ. Mo fa téèpù yọ, mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n. Ibi tí àpá yíǹkì mi àtijọ́ wà, ọ̀pá ẹ̀yìn ni iná ì bá jó. Orí kókó gan-an ni làálì wà. Mo tan ẹ̀rọ.

Nígbà tí a ṣe tán, Ìyá ní nọ́ọ̀sì náà sin òun wá, ó ń dúró de òun ní gáréèjì. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mi ò jẹ́ kó mọ̀. Obìnrin kan dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, bí Àǹtí Dúpẹ́ ṣe ń wọ́ tirẹ̀ látìgbà tí ọ̀kadà ti gbá a.

Orúkọ rẹ̀ ti dé ètè mi. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa àkúdàáyà: bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá pè é, ó tán, kò ní gbé ìlú yẹn mọ́. Mo wo Ìyá Ràfátù. Iná tó kù tí yóò gbà ṣì pọ̀. Mo pa ẹnu mọ́, mo yíjú padà.

Ràfátù ti bímọ báyìí. Ìyá gbọ́ ẹkún ọmọ náà. Bóyá ara rẹ̀ á yá pátápátá, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn mìíràn ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, làálì wà láyà rẹ̀. N kò bi í léèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ ẹ bá rí obìnrin kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, ẹ kí i, kẹ́ ẹ kọjá. Bó bá jọ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ l'Ọ̀yọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pè é. Wọn kò tíì rí ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀ níbi iṣẹ́ wa.