Kẹ́hìndé Ń Dúró De Táyé

Màmá Peculiar kì í jókòó. Láti ìgbà tí a ti jọ ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní Igbó-Ọrà, àpò rẹ̀ nìkan ló ń jókòó sórí àga rẹ̀. Bó bá ń mu ẹ̀kọ, ìdúró ni. Bó bá ń máàkì iṣẹ́ ọmọ, ẹnu ọ̀nà ni. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí tiwa náà balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí ló wá burú jù. Ilé ìwé kan ní Èrúwà ń wá àwọn ọmọdé tí orí wọn pé gan-an, kí wọ́n lè fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó fún wa ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ wọ́n: ẹ̀rọ náà á pe ọ̀rọ̀, ọmọ á tẹ ọ̀rọ̀ tó gbọ́, bó bá gbà á, ìtàn á máa gùn sí i. Kẹ́hìndé, ọmọ Rosaline, ni Màmá Peculiar ní lọ́kàn. Ó ti gbọ́ tí ọmọ náà ń ka ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì wọn láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ojú kan náà ló wà pẹ̀lú Táyé, ìkejì rẹ̀, tó ṣì ń bá lẹ́tà jìjàkadì.

"Ẹ̀rọ yìí ò gbádùn!" Màmá Peculiar pa á, ó tàn án. Ó gba tèmi. Ó bú ẹni tó ṣe é, ó bú sólà tó ń fún un níná. Ọ̀la ni àlejò ń bọ̀ láti Èrúwà, bí ọ̀rọ̀ bá sì rí báyìí, àǹfààní ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Inú bí èmi náà, àmọ́ ariwo rẹ̀ ló ń bí mi nínú jù.

Ó mú Kẹ́hìndé lọ sí ọ́fíìsì, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rí i. Ìka ọmọ náà kọ́kọ́ lọ sórí ọ̀rọ̀ tó tọ́, ó rọra fà á kúrò, ó tẹ òmíràn.

"Kẹ́hìndé, kí ló dé?"

"Táyé ò tíì débẹ̀, mà. Èmi lẹ̀gbọ́n. Màámi ní kí n máa dúró dè é."

Màmá Peculiar rìn lọ sójú fèrèsé, ó rìn padà. Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú èyí? Ohun tí gbogbo wa fi ń tọ́ ìbejì nílùú yìí náà ni.

"Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ wáyé, ta lo ní kó ṣíwájú?"

"Táyé ni, mà."

"Ó dé, ó sì ké kó o lè gbọ́ pé ayé dáa. Ó kàn ẹ́ báyìí."



Lọ́jọ́ kejì, àlejò dé, Ìyáàfin Adébùkọ́lá. Wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì síwájú Kẹ́hìndé ní ọ́fíìsì. Táyé wà ní kíláàsì lódìkejì ògiri. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì fi igbe pè é bí ẹni ń pe ẹni tó wà lóko. Ó tẹ èkejì, ó kígbe. Ìtàn ń gùn, ohùn ń lọ sókè. Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn Táyé lódìkejì, ó ń pè é tẹ̀ lé e.

Àlejò fọwọ́ bo etí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn."

Màmá Peculiar fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà kó má baà padé. Kò mira rárá. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Kò ṣeé tì."