Ohùn Ìyàwó Káfíńtà

Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá kí yín káàárọ̀, ẹni tó ń sùn ní ojúlé kejì á jí. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ti ń pariwo gbàgàgbàgà láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tí kò bá lọgun níbẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Gbohùngbohùn, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n dá gbogbo wọn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ ládùúgbò. Lẹ́yìn náà ló nu ojú nù, ó lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọṣẹ ṣíṣe àti irun ṣíṣe. Òun ní iṣẹ́ ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tó ń gbàlejò, tó sì ń dáhùn fóònù, ni òun fẹ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo ti dúró ti ẹ̀rọ tó. Mo fẹ́ jókòó. Mo sì fẹ́ràn èèyàn."

Òótọ́ ló sọ. Fóònù ni wàhálà ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún un láti fi dánra wò, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wọn jókòó sí yàrá kejì, ó pè é. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sétí, ó ké pé, "Ẹlóò!" Olùkọ́ kò nílò fóònù mọ́, ó dáhùn láti ibi tó wà.

"Màmá," ló wí nígbà tó wọlé, tó ń fọwọ́ ra etí, "fóònù yìí ló máa gbé ohùn yín lọ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbé e dé ọ̀hún."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ilé ìwòsàn kan ti gbà láti dán an wò lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà. Àga kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún iṣẹ́ náà, wọn kò sì ní fi ẹni tó ń lọgun lé aláìsàn lórí síbẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí kì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Jọ̀ọ́, bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni. 'Oúnjẹ ti délẹ̀ o.' 'Ẹ kú iṣẹ́ o.' Ẹ̀rù ń bà mí."

Inú bí mi. Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣeré. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé e, mo sì ń bá a jà lọ lójú ọ̀nà, torí ọkùnrin tó bá lè mú Gbohùngbohùn dákẹ́, ohun tó ṣe kò lè kéré. Nígbà tá a délé, a bá ẹ̀gbọ́n mi níwájú dígí. Ó di ṣíbí mú sétí, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà. Kí la lè ṣe fún yín?"

Nígbà tó ṣàlàyé tán, ọkọ rẹ̀ jókòó pẹ̀sẹ̀. Mo tọrọ àforíjì fún gbogbo èébú ojú ọ̀nà. Ó ní kò séwu, òun kò tiẹ̀ gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé ní ilé ìwòsàn. Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, gbé àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi gba àlejò àárọ̀ dáadáa. Ni fóònù bá dún.

Ọkọ rẹ̀ ni. Ara rẹ̀ kò gbà á nílé. Ó yí ohùn padà bí ẹni tí òtútù mú.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ìyàwó mi ni mò ń wá. Ó wà lọ́dọ̀ yín."

Ẹ̀gbọ́n mi dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní igbe ti dé ọ̀nà ọ̀fun òun: ṣé ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Ó gbé e mì.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ìyàwó yín wà dáadáa."

"Ṣé ó dá yín lójú? Àyà ẹ̀ ń já nígbà tó ń jáde nílé."

"Kò já mọ́, sà. Ó máa padà wálé nírọ̀lẹ́."

Nígbà tí ọkùnrin náà tún sọ̀rọ̀, ohùn ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. "Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń retí ẹ̀."

"Mo ti ń sọ fún un, sà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù dìde, ó gbé àga tirẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Ẹ ṣe é dáadáa, màmá. Ẹ máa bọ̀ lọ́la, àga yẹn ti di tiyín. Ìyàwó ọkùnrin yẹn ńkọ́, yàrá wo ló wà?"

"Orí àga yìí ló wà, mà."

Mátírọ́ọ̀nù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gba gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ìka sẹ́nu, ó ní, "Ẹ rọra, mà. Àwọn aláìsàn ń sùn."